Síkóòpù orí ìbọn àti ọ̀nà jíjìn: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní Òṣogbo

Oríṣiríṣi èèyàn ló ń bi mí ní ọ̀rọ̀ yìí: àgbẹ̀ ojú ọ̀nà Ìlobù tí ẹ̀gà ń jẹ àgbàdo rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ráífù, àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn kí wọ́n máa yin ìbọn afẹ́fẹ́ sí agolo mílíìkì. Ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Ní tòsí, ọta ń bá àmì. Bí wọ́n bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ọta ń wọlẹ̀. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Ẹni tó bá ń retí kí n dárúkọ nọ́ńbà kan tí òun yóò yí síkóòpù sí, tí yóò sì máa bá àmì láti ibikíbi, inú rẹ̀ kò ní dùn sí mi, torí kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Kí ni síkóòpù ń ṣe gan-an? Ṣé ó máa ń jẹ́ kí ọta lọ jìnnà sí i?

Rárá o. Síkóòpù kò fi kún agbára ọta, kò sì lè darí rẹ̀ mọ́ tó bá ti jáde. Ohun méjì ló ń ṣe: ó ń sún àmì mọ́ ojú, ó sì ń fún yín ní àgbélébùú kan tẹ́ ẹ máa gbé lé e. Ọta ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò lẹ́nu ìbọn. Láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bí àkókò yẹn bá di ìlọ́po méjì, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 20, kì í ṣe 10. Tó bá lo ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lójú ọ̀nà, ó ti lé ní mítà 1.

Ọmọ tó ń sọ òkò sí máńgòrò mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ: bí èso bá jìnnà, òkè èso ló máa ń sọ òkò gbà. Nígbà tẹ́ ẹ bá yí nọ́bù síkóòpù sókè, àgbélébùú inú rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó lè dá a padà sórí àmì, ẹ ní láti gbé ẹnu ìbọn sókè. Gbogbo idán nọ́bù kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tí èyí bá yé, ìyókù á rọrùn fún un.

Ìbọn wo ni òfin gbà mí láyè láti gbé síkóòpù lé?

Ẹ kọ́kọ́ ro ti ìbọn kẹ́ ẹ tó ro ti awò orí rẹ̀. Òfin Ìbọn tí Nàìjíríà ti ń lò láti 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Nínú ìsọ̀rí kìíní ni ìbọn ológun wà, títí kan ráífù 7.62 mm àti .303, pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́. Ẹ má débẹ̀ rárá. Ráífù ọdẹ àti ráífù eré ìdárayá tí kì í ṣe irú wọ̀nyẹn wà ní ìsọ̀rí kejì, ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá sì ni wọ́n fi ń lò ó. Ṣakabùlà àti àwọn ìbọn tí à ń ki láti ẹnu ló wà ní ìsọ̀rí kẹta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin kò mọ̀ nípa ìbọn afẹ́fẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Inú ìsọ̀rí kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí, òun àti ráífù jọ wà níbẹ̀ ni. Ẹ ní ìwé yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó máa náwó lé síkóòpù.

Bàbá mi fi ṣakabùlà sílẹ̀ fún mi. Ṣé mo lè gbé síkóòpù lé e?

Owó tẹ́ ẹ máa sọ nù ni. Inú ọ̀pá ṣakabùlà dán, kò ní ìlà tó ń mú kí ọta máa pòòyì kó lè dúró sójú ọ̀nà, ẹ̀tù tí à ń fọwọ́ bù sì rèé, kì í dọ́gba. Ìbọn tí ọta rẹ̀ kì í lọ síbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ni awò fẹ́ bá a ṣe? Ẹ jẹ́ kó wà bí bàbá ṣe fi í sílẹ̀.

Síkóòpù tí mo gbé sórí ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì bàjẹ́ kíákíá. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ó lè jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n sípíríǹgì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tẹ́ ẹ bá fa tírígà, písítìn inú ìbọn á sáré síwájú, ìbọn á ta sẹ́yìn. Bí písítìn yẹn bá dé òpin, ìbọn á tún ta síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Síkóòpù tí wọ́n ṣe fún ráífù ọlọ́ta kò mọ̀ ju ìtasẹ́yìn lọ. Ìtasíwájú yẹn ló ń tú gíláàsì inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ ọ́ sí lára pé ìbọn afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì fi ìdènà sẹ́yìn ìdè rẹ̀ kó má bàa máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dè é mọ́ ìbọn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ìdajì àwọn tó ń sọ pé síkóòpù àwọn kò dáa, ìdè ló ń dà wọ́n láàmú.

Ojú irin tó wà lórí ìbọn kì í ṣe oríṣi kan. Ti ìbọn afẹ́fẹ́ àti ti .22 (ráífù tí ọta rẹ̀ kéré) sábà máa ń jẹ́ ojú tóóró oníwọ̀n 11 mm; ti ráífù ńlá máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó sì ní eyín. Ìdè ti ọ̀kan kì í wọ ìkejì. Òrùka ìdè náà gbọ́dọ̀ bá ara síkóòpù mu: 25.4 mm tàbí 30 mm ló wọ́pọ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ pa ìdè dà. Ẹ má gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà pé kó bá yín jó irin mọ́ ọn, mo ti rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, iná ẹ̀rọ náà sì lọ́ ọ̀pá ìbọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí síkóòpù sí ibi tó ti ń sún nǹkan mọ́ra jù. Ẹ dijú, ẹ gbé ìdí ìbọn sí èjìká bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, kẹ́ ẹ wá lajú. Ohun tẹ́ ẹ rí gbọ́dọ̀ kún inú awò, láìsí òjìji dúdú kankan létí rẹ̀. Bí òjìji bá wà, ẹ sún awò síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ má sún orí yín. Lórí ráífù ọlọ́ta, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 ló máa ń wà láàárín ojú àti awò. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí awò á gé e lójú agbárí. Àpá yẹn kì í tètè lọ.

Ó wá ku dídúró gangan. Ẹ so òkúta mọ́ okùn kan, bí bíríkìlà ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògiri dúró, ẹ fi kọ́ sára igi ní iwájú. Ẹ gbé ìbọn lé àpò yanrìn kó dúró dọ́gba, ẹ wá yí síkóòpù nínú òrùka rẹ̀ títí ìlà òòró àgbélébùú fi bá okùn yẹn lọ. Ẹ di àwọn síkúrúù rẹ̀ ní tọ̀tún-tòsì, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: síkúrúù tí wọ́n fi agbára dì máa ń tẹ ara síkóòpù wọnú. Ní mítà 20, ẹ kò ní mọ̀ bí àgbélébùú bá tẹ̀. Tó bá fi dígírì 3 péré tẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti nílò kí ọta gòkè ní mítà 1, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ ó wá máa bú atẹ́gùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

MOA dáa jù ni, àbí mil?

Igun ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. Bí wọ́n bá pín dígírì kan sí ọ̀nà 60, ìdá kan nínú rẹ̀ ni MOA. Ní mítà 100, ó tó sẹ̀ǹtímítà 2.9. Mil kan ní mítà 100 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 gééré. Bí nọ́bù bá ń dún kẹ́, kẹ́, ìdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní kílíkì. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ti MOA ni kílíkì mẹ́rin fún MOA kan, tó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 7 ní mítà 100. Ti mil máa ń jẹ́ kílíkì mẹ́wàá fún mil kan, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà 100.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mil ni n óò rà. Lóòótọ́ yáàdì la fi ń ra ánkárá l'Ọ́jà Ọba, ṣùgbọ́n inú mítà lorí wa ti yára ṣírò ọ̀nà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí àmì inú àgbélébùú àti nọ́bù máa sọ èdè kan náà. Àwọn síkóòpù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí àgbélébùú wọn jẹ́ mil, tí nọ́bù wọn sì jẹ́ MOA. Ẹ sá fún wọn.

Báwo ni mo ṣe máa gba síírò àkọ́kọ́?

Gbígba síírò ni kẹ́ ẹ yí nọ́bù títí ọta á fi máa bá ibi tí àgbélébùú wà ní ọ̀nà kan pàtó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 25 pẹ̀lú páálí tó fẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ lè rí ibi tí ọta ń bà kódà tó bá yà gan-an. Tó bá ti sún mọ́ àmì, ẹ lọ sí mítà 50. Igi ìdí ìwájú ìbọn ni kẹ́ ẹ gbé lé àpò yanrìn, ẹ má ṣe gbé ọ̀pá fúnra rẹ̀ lé nǹkan kan. Ẹ yin ọta mẹ́ta sí márùn-ún sójú kan náà láìfọwọ́ kan nọ́bù, kódà bí èyí àkọ́kọ́ bá lọ sí ìlú mìíràn. Àárín àwọn ihò wọ̀nyẹn lẹ máa wọ̀n, kì í ṣe ihò kan ṣoṣo tó wù yín.

Ká ní ní mítà 50, àárín ihò wà ní sẹ̀ǹtímítà 6 lábẹ́ àmì, ó sì wà ní 3 sí apá òsì. Ní mítà 50, kílíkì mil jẹ́ mílímítà 5. Ẹ máa yí nọ́bù òkè ní kílíkì 12 sókè, ẹ ó sì yí ti ẹ̀gbẹ́ ní kílíkì 6 sí ọ̀tún. Tó bá jẹ́ MOA, kílíkì rẹ̀ tó mílímítà 3.6, á wá di nǹkan bíi 16 tàbí 17 sókè, àti 8 sí ọ̀tún. Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni ọfà ara nọ́bù ń júwe. Ẹ tún yìn ín láti fi wò.

Bí ihò bá fọ́n káàkiri páálí, ẹ má yí nǹkan kan. Síkóòpù kò lè kó ohun tó fọ́n jọ. Ẹ yẹ síkúrúù wò, ẹ pa ọta dà sí oríṣi mìíràn, tàbí kẹ́ ẹ simi kẹ́ ẹ mu omi. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti bọ́ sójú ẹ̀, ẹ tú síkúrúù kékeré ara nọ́bù, ẹ fi 0 rẹ̀ kọjú sí ìlà, ẹ dì í padà.

Mo ti gba síírò ní mítà 50. Báwo ni mo ṣe máa dé 100?

Ẹ jẹ́ ká fi ráífù .22 ṣe é, torí òun ni ọ̀nà jíjìn tètè ń hàn lára rẹ̀. Ká ní ọta rẹ̀ ń jáde ní nǹkan bíi mítà 325 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí àárín awò sì fi sẹ̀ǹtímítà 4 ga ju àárín ọ̀pá lọ. Síírò wà ní 50. Ní mítà 75, ọta á bọ́ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lábẹ́ àmì. Ní mítà 100, á ti di bíi 22 tàbí 23. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìlọ́po méjì mọ́. Ọta ń pẹ́ sí i lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ń fà á lẹ́yìn.

Ẹ wá sọ ọ́ di kílíkì. Ní mítà 75, mil kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5, nítorí náà mil 1 àti díẹ̀: kílíkì 10 tàbí 11. Ní mítà 100, sẹ̀ǹtímítà 22 jẹ́ mil 2.2: kílíkì 22. Ẹni tó ń lo MOA á pín 22 sí 2.9, á rí 7.6, ìyẹn nǹkan bíi kílíkì 30.

Ìṣirò orí ìwé nìyẹn o. Ọta yín kì í ṣe tèmi, ọ̀pá yín náà kì í ṣe tèmi. Àwọn áàpù tó ń ṣe ìṣirò yìí wà lórí fóònù, wọ́n sì dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n páálí ló máa dá ẹjọ́. Ẹ lọ sí mítà 60, ẹ yin mẹ́ta, ẹ kọ kílíkì tó bá àmì sílẹ̀. Ẹ lọ sí 70, sí 80, bẹ́ẹ̀ títí dé 100. Ẹ kọ orúkọ ọta tẹ́ ẹ lò sí òkè ìwé náà, torí tẹ́ ẹ bá pa ọta dà, ìwé yẹn ti di ti ìbọn mìíràn. Ẹ gé e kékeré, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: pẹ̀lú síírò 50 yìí kan náà, ní mítà 10 ọta á wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lábẹ́ àmì. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Awò wà lókè ọ̀pá, ọta kò tíì gòkè dé ojú ìlà awò ni.

Ní ti ìbọn afẹ́fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mítà 100 tàn yín. Mítà 50 ti jìnnà fún ọ̀pọ̀ wọn.

Mo lè fojú wọn ọ̀nà. Ṣé dandan ni kí n ní ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n?

Mi ò tíì rí ẹni tí ojú rẹ̀ kì í parọ́ fún un nínú oko ẹ̀gẹ́. Pẹ̀lú .22 tí mo sọ lókè, tẹ́ ẹ bá rò pé mítà 100 ni, tó sì jẹ́ 110, ọta á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 6 wálẹ̀ ju ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Lára páálí, kò sí wàhálà. Lára ọ̀yà, ẹran á gbé ọgbẹ́ wọgbó, á lọ kú síbi tí kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́.

Ẹ̀rọ ìtànṣán tó ń wọn ọ̀nà ló yá jù. Ẹni tí kò bá ní i, kó na téèpù bíríkìlà ní mítà 50, kó rìn ín bó ṣe máa ń rìn, kó sì mọ iye ìṣísẹ̀ tirẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù kì í kúrú ju mítà 90 lọ, kì í sì gùn ju 120 lọ. Ẹ dúró sẹ́nu gòólù kan kẹ́ ẹ wo ìkejì, ojú yín á mọ bí 100 ṣe rí.

Ṣé mo lè lo àwọn àmì inú àgbélébùú dípò kí n máa yí nọ́bù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yá jù bí ẹran kò bá fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ síkóòpù, àgbélébùú kì í tóbi pẹ̀lú àwòrán bẹ́ ẹ bá ń sún un mọ́ra. Irú ìyẹn, ibì kan ṣoṣo ni àwọn àmì rẹ̀ ti ń sọ òótọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ ibi tó ti sún mọ́ra jù. Èyí tí àgbélébùú rẹ̀ ń tóbi tó sì ń kéré pẹ̀lú àwòrán kò ní ìṣòro yìí, owó rẹ̀ ló ga.

Tí mo bá mi orí díẹ̀, àgbélébùú ń rìn kúrò lórí àmì. Kí nìyẹn?

Parallax ni wọ́n ń pè é. Àwòrán àmì àti àgbélébùú kò sí lójú kan náà nínú awò. Síkóòpù tí wọ́n ṣe fún .22 sábà máa ń wà ní títò sí nǹkan bíi yáàdì 50, ti ráífù ńlá sí yáàdì 100. Tí tiyín bá ní nọ́bù kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí òrùka tó ń yí níwájú, ẹ mi orí díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i títí àgbélébùú fi dúró. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i.

Ọyẹ́, oòrùn àti atẹ́gùn Òṣogbo ńkọ́?

Ọyẹ́ ń bo ojú àmì, eruku rẹ̀ sì ń jókòó sórí awò. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò kẹ́ ẹ tó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún. Etí bùbá tó ti kó yanrìn á ha á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn bá ti mú, ooru ilẹ̀ á máa jó níwájú awò, àmì á sì dà bíi pé ó ga ju ibi tó wà lọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kí ilẹ̀ tó gbóná, nígbà tí atẹ́gùn náà kò tíì jí dáadáa.

Atẹ́gùn ni ọ̀gá wọn. Èyí tó ń mi ewé àgbàdo láti ẹ̀gbẹ́ lè ti ọta .22 kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 100. Ẹ wo ewé tó wà láàárín ọ̀nà, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́bàá yín nìkan. Ẹ má yí nọ́bù ẹ̀gbẹ́ nítorí atẹ́gùn tó lè yí padà kẹ́ ẹ tó mí. Ẹ gbé àgbélébùú sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Tó bá le jù, ẹ dúró.

Tí àmì bá wà ní orí òkè tàbí ìsàlẹ̀ àfonífojì?

Ọ̀nà tó tẹ́ ní gbọọrọ láàárín yín lẹ máa ṣírò, kì í ṣe èyí tí ojú rí. Bí ó bá jẹ́ mítà 100 lójú awò, tí ìdagẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 30, kílíkì mítà 87 ni kẹ́ ẹ lò. Yálà òkè tàbí ìsàlẹ̀, bákan náà ni.

Ibo ni mo lè ti yìn ín ní Òṣogbo?

Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí ọta .22 pé ó lè ṣe èèyàn léṣe dé máìlì kan àtààbọ̀, ìyẹn kìlómítà 2.4. Ọta kékeré tí àwọn èèyàn ń fi ṣeré nìyẹn. Láti ibi púpọ̀ nínú ìlú, kìlómítà 2 á gba orí ọ̀pọ̀ òrùlé kọjá. Oko tí ẹ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kí ògiri erùpẹ̀ gíga sì wà lẹ́yìn páálí. Ewé kì í dá ọta dúró, bẹ́ẹ̀ ni igi tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ agbègbè náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lásìkò tá a wà yìí, ìró ìbọn tí kò ní àlàyé lè mú kí abúlé kan sá tán, ó sì lè mú kí wọ́n yìn ín padà. Ẹ dí etí, ẹ wọ awò ojú.

Igbó Ọ̀ṣun kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìjọba ti sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1965, UNESCO fi í sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, òfin ibẹ̀ látayébáyé sì ni pé ẹnikẹ́ni kì í dọdẹ, kì í pẹja níbẹ̀. Ìtàn wa sọ pé ọdẹ ni Tìmẹ́hìn tó bá Láròóyè tẹ ìlú yìí dó. Síbẹ̀ àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò bẹ̀rù ẹnì kankan.

Mo gba síírò lọ́sẹ̀ tó kọjá, lónìí ọta ti ń gba òkè lọ. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì yí nǹkan kan. Ṣé ọta kan náà lẹ lò? Ṣé síkúrúù ìdè kò mì? Ṣé ìbọn kò ṣubú lórí ọ̀kadà? Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ wo nọ́bù òkè. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti yí i sókè fún ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ má sì dá a padà. Òmíràn wà tí 0 rẹ̀ á kọjú sí ìlà bó ṣe yẹ, àmọ́ tó jẹ́ pé nọ́bù náà ti fi odidi ìyípo kan ga. Ẹ tẹ orí ba, ẹ ka àwọn ìlà tó yí ẹsẹ̀ nọ́bù ká. Bí ẹ bá rí ìlà kan ju iye tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba síírò, ẹ yí i padà sísàlẹ̀ ní ìyípo kan, kẹ́ ẹ wá yin mẹ́ta ní mítà 50.